Ewì Inú Ìwé Ìròyìn: Níyì Ọ̀ṣúndáre, Ọmọ Àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́

   Ọ̀pọ̀ nínú wa ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà, àwọn mìíràn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà sì ti dágbére fún ayé. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí ní kí n kọ ojú ewé ìtàn, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹni tí gègé ìkọ̀wé jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ wa kọ́ ló lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí gbogbo wa rìn lọ sí oko àti sí ilé ìwé ni òun náà rìn. Níyì Ọ̀ṣúndáre ni mo ń wí. Ọ̀pọ̀ yín mọ orúkọ yẹn dáadáa, ẹ sì mọ̀ pé akéwì ńlá ni. Iye oyè tó gbà kọ́ ni mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rò ni ìdí tí olùkọ́ yunifásítì fi gbé ewì rẹ̀ jáde kúrò nínú ìwé olówó iyebíye, tó gbé e sínú ìwé ìròyìn tí dírébà àti tíṣà lè rà, àti ohun tí ìpinnu yẹn ná an.

Àwọn tó rin ọ̀nà náà ṣáájú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Èkó ná, ká tó padà sílé. Láyé ìjọba òyìnbó, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìwé ìròyìn dà bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, ọ̀kan ní ń wẹ èkejì. Ọmọ Sàró kan wà tó ń jẹ́ I.T.A. Wallace-Johnson, tí wọ́n bí ní 1894. Ó wá sí Èkó, ó wà nínú àwọn tó dá African Workers' Union of Nigeria sílẹ̀ ní 1931, ó sì ṣiṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Nígbà tó kọjá sí Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú African Morning Post ní 1936. Nnamdi Azikiwe ni olóòtú ìwé ìròyìn náà. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo yẹn ló gbé àwọn méjèèjì dé ilé ẹjọ́. Nígbà tí ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ìjọba òyìnbó tì í mọ́lé ní Sierra Leone, 1944 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ẹ wo ti 1945 náà. Ní oṣù June ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé ọjà ti wọ́n gógó lásìkò ogun tí owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu ni gbogbo ènìyàn ń kọrin orúkọ rẹ̀. Àwọn tó yanṣẹ́ lódì lé ní 30,000, ó sì ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n ti West African Pilot àti Daily Comet pa, nítorí pé ìwé ìròyìn méjèèjì ń gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Hubert Ogunde náà fi ìyanṣẹ́lódì yẹn ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tó sì di nǹkan bí 1950, Nduka Eze àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìròyìn òṣìṣẹ́ tiwọn, Labour Champion.

Ẹ ti rí ohun tí mo ń fà yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn òṣìṣẹ́ dé etí ìlú, ìdí ìwé ìròyìn ló máa ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa ohùn yẹn mọ́lẹ̀, ìdí ìwé ìròyìn lòun náà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀ṣúndáre kì í ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, n kò ní purọ́ fún yín. Olùkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìran tiwa, tí a ń wá ẹni tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lójú ewé ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yìí ló bọ́ síwájú. Ewì ló sì fi sọ ọ́.

Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ahunṣọ

Ọjọ́ 12 oṣù March 1947 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó tún jẹ́ onílù, a sì máa dá orin. Ìyá rẹ̀ a máa hun aṣọ. Orúkọ ìdílé wọn fúnra rẹ̀ ti fi ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá hàn: Ọ̀ṣun ló dá wọn láre. Ọmọ tó dàgbà láàrin ìlù àti òfì, tó ń gbọ́ orin bàbá tó sì ń wo ọwọ́ ìyá, ṣé ẹ rò pé ó nílò kí òyìnbó kan wá sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá ti wọ Ìkẹ́rẹ́ rí kò ní béèrè ibi tí àpáta ti wọ inú ewì rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ìlú ni Olósùnta ti ń yọjú, tó dúró gbọin bí àgbà tó ń retí àlejò. Láti ibẹ̀ títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùrè, oko kòkó, oko iṣu àti igbó ni. Ẹ̀yin náà rántí. Ẹ rántí bí a ṣe ń fọ́ kòkó ní ìsinmi ọlidé, tí omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgúnpá. Ẹ rántí pé owó kòkó yẹn ni wọ́n fi san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa. A kì í sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Kí wọ́n tó bí Ọ̀ṣúndáre, agbègbè wa ti ní ẹni tó ń kọ ìtàn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, igi ló fi kọ tirẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, 1938 ló sì kú. Láàrin 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà fi hàn bí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣe wá kí ọba. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò sì padà wá mọ́. British Museum ló wà títí dòní. Àga ìjókòó kan ni àwọn òyìnbó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ọba.

Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn rèé. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ọba àti òyìnbó nìkan. Ó gbẹ́ àwọn tó gbé òyìnbó, ó sì gbẹ́ àwọn alárù tó ru ẹrù rẹ̀. Orúkọ ajẹ́lẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, ti alárù kò sí níbì kankan. Bí kì í bá ṣe ti agbẹ́gilére yìí, ta ni ì bá mọ̀ pé wọ́n rìn ọ̀nà yẹn rí? Mo gbà pé irú iṣẹ́ yìí gan-an ni Ọ̀ṣúndáre bá ní agbègbè wa, tó sì tẹ̀síwájú nínú rẹ̀. Ó wo ẹni tó ń ru ẹrù.

Ìwé tó gbé e lọ, ọ̀rọ̀ tó dá a padà

Amoye Grammar School ní Ìkẹ́rẹ́ ló lọ, lẹ́yìn náà ló lọ sí Christ's School, Adó-Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní 1933. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1972, ó gba èkejì ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1974, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní York University, Toronto, ní Kánádà, ní 1979. Ìbàdàn ló ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1989.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ìwé láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ ohun tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ní kíláàsì wa, ẹni tó bá sọ Yorùbá á jẹ ẹgba tàbí kó san owó ìtanràn. Wọ́n kọ́ wa ní ewì nípa òdòdó tí a kò rí rí àti yìnyín tí kò já sí orí wa rí. Díẹ̀díẹ̀, bàbá tó ń lo ọkọ́ àti àdá láti fi rán wa níwèé á wá di ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì wá bó bá yọ sí wa lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. Èmi gan-an ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti tọrọ àforíjì lójú oorì bàbá mi.

Ìwé gbé Ọ̀ṣúndáre dé ìlú òyìnbó méjì, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ewì jáde, ẹ wo orúkọ tó sọ wọ́n. Songs of the Marketplace jáde ní 1983, orin ọjà nìyẹn. Village Voices tẹ̀lé e ní 1984, ohùn àwọn ará abúlé. Ní 1986 ni The Eye of the Earth dé, ìwé tó fi padà wọ igbó Ìkẹ́rẹ́, tó fi kí Olósùnta àti Òròólé, tó sì fi bi wá léèrè ta ni ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ta ló ń roko, ta ló ń kórè. Nínú ìwé náà, ó máa ń kọ ọ́ sí orí ewì pé ìlù báyìí ni kí wọ́n lù sí i. Ọmọ onílù kò gbàgbé ìlù. Ìwé yìí ló gba Commonwealth Poetry Prize lọ́dún yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà náà.

Lásìkò yìí, àwọn òṣìṣẹ́ náà ti kóra jọ. Ní 1978 ni Nigeria Labour Congress di ọ̀kan, Hassan Sunmonu sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ní May 1981 wọ́n yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì gba ₦125 lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦300 ni wọ́n béèrè. 1978 yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì dá ASUU sílẹ̀. Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé òṣìṣẹ́ lòun.

Ojú ewé kan ní Ọjọ́ Ìsinmi

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń bọ̀ láti àárọ̀ la dé yìí. Nigerian Tribune, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949, ni ìwé ìròyìn tí ilé wa mọ̀ jù. Ní 1985, Ọ̀ṣúndáre bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì sínú Sunday Tribune lábẹ́ àkọlé Songs of the Season. Ní 1990 ló kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ewì inú ìwé ńlá lè dúró de òǹkàwé fún ọdún mẹ́wàá. Ewì inú ìwé ìròyìn kò ní ju ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì, kí wọ́n tó fi pọ́n àkàrà. Torí náà ó gbọ́dọ̀ yé ènìyàn ní kíkà kan. Ó gbọ́dọ̀ kúrú. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń dun ọmọ ìlú lọ́sẹ̀ yẹn: ọ̀wọ́n ọjà, owó oṣù tí kò wọlé, olè tó wọ aṣọ ìjọba, àgbẹ̀ tó ń gbin oúnjẹ tí ebi sì ń pa á. Àwọn kan wà láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n gbà pé ewì tí gbogbo ènìyàn bá lóye kì í ṣe ewì gidi. Ọ̀ṣúndáre kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó ń ṣe kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Ṣé ẹ mọ orin Òkè Ìbàdàn? Ṣé ẹ mọ ẹ̀fẹ̀? Láyé àtijọ́, ọdún á dé, àwọn ọ̀dọ́ á fi orin sọ ìwà ìbàjẹ́ alágbára síta, kò sì sẹ́ni tí yóò mú wọn. Ó kàn gbé orin yẹn sínú ìwé ìròyìn ni.

Ìgbà náà le. Ní 1986 ni ìjọba ológun Babangida gbé SAP dé. Wọ́n tú àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká lọ́dún yẹn, owó kòkó sì gòkè fúngbà díẹ̀, kí n má purọ́, àwọn àgbẹ̀ kan kan orule páànù tuntun ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù rí i he. Kí 1989 tó parí, dọ́là kan ti lé ní ₦7, bẹ́ẹ̀ owó oṣù kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Ní February 1988 ìjọba tú àwọn olórí Nigeria Labour Congress ká, wọ́n fi alámòójútó tiwọn síbẹ̀. Ní July ọdún yẹn kan náà wọ́n fi òfin de ASUU. Ẹ rò ó wò: wọ́n ti pa ẹnu ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dé, wọ́n ti pa ẹnu ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì dé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ojú ewé ìwé ìròyìn tí ewì wà kì í ṣe ohun ìṣeré.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ìhà Èmùrè. Owó wa kì í tètè jáde. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá wá sí Ìkẹ́rẹ́, ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan wà tí a ti máa ń pàdé. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ni ẹni mẹ́wàá máa ń kà. Ọ̀kan á ka eré ìdárayá, ọ̀kan á ka ìkéde òkú, bó bá sì kan ewì, ẹnì kan á kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo rí bíríkìlà tó ní kí wọ́n tún un kà. Mo rí dírébà tó fi ọwọ́ gbá orí ìjókòó, tó ní, "Èmi gan-an ló ń bá wí!" Mo máa ń tọrọ ojú ewé náà bí gbogbo wa bá ti kà á tán, mo máa ń gé e, mo sì ń fi lẹ̀ẹ́lì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ka ọ̀kan sí bàbá mi létí, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ti ń kà á. Bàbá dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ wa ni ọmọ yìí ń sọ, ó sì sọ ọ́ ire. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìwọ lo gbọ́dọ̀ bá mi tú u?"

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, ìbéèrè yẹn ni mo kà sí ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ tí ènìyàn lè kà sí akéwì wa lẹ́sẹ̀, ọmọ ìwé kọ́ ló sì kà á sí i lẹ́sẹ̀, àgbẹ̀ ni. Ewì nípa àgbẹ̀, tí àgbẹ̀ kò lè kà. Mo mọ ohun tí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa sọ, èmi náà sì ń sọ ọ́: pé Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí bíríkìlà Ìkẹ́rẹ́ àti kápẹ́ńtà Ẹnúgu jọ gbọ́ ọ, pé Èkìtì ló ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, pé òwe wa àti ìlù wa ló gbé e dúró. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, iṣẹ́ kù fún àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ tó bá sì dákẹ́, ẹrù ẹlòmíràn ló gbé pamọ́.

Ohun tó ná an

Ní October 19, 1986, bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Èkó. Gbogbo oníwèé ìròyìn ló mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ayé ti yí padà. Kò tó oṣù mẹ́rin sí i, ní January 1987, àwọn jàǹdùkú kọ lu Ọ̀ṣúndáre ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi àáké ṣá a lórí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Orí àkéte àìsàn ló ti kọ púpọ̀ nínú Moonsongs, tó jáde ní 1988. Ẹ wò ó, ẹni tí wọ́n ṣá lórí, òṣùpá ló ń kọrin sí. Lẹ́yìn èyí ló kọ Waiting Laughters, tó gba ẹ̀bùn Noma ní 1991.

Kò fi ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ní ìgbà ìjọba Abacha, láti November 1993 sí June 1998, àwọn agbófinró a máa wá bá a pé kó wá ṣàlàyé ewì kan fún àwọn. Ọ̀kan nínú ewì inú Songs of the Season, Not My Business, sọ ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ níkọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé kò kan òun, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka ewì yẹn fún ìdánwò wọn. Ewì tí wọ́n kọ fún òǹkàwé Sunday Tribune! Láyé tiwa, tiwọn la ń kọ́ sórí. Ìgbà ti yí.

Ní 1997 ó lọ sí Yunifásítì New Orleans ní Amẹ́ríkà láti máa kọ́ni. Ibẹ̀ ni ìjì Katrina bá a ní August 29, 2005. Omi ya wọ ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gun òkè àjà, wákàtí 26 ni wọ́n lò níbẹ̀ nínú ooru àti òkùnkùn kí aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ ojú omi tó gbọ́ igbe wọn, tó sì gbà wọ́n. Ẹ̀mí wọn yọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé rẹ̀ lọ, gbogbo ewì tó kọ sílẹ̀ tí kò tíì tẹ̀ jáde lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdánù ìwé ẹ̀rí kan péré rí, ẹ fi ọkàn wò ó.

Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, mo lọ ṣí àpótí mi. Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo lẹ ewì mọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti pọ́n, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣeé kà. Mo wá lóye ohun tí n kò lóye nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ohun tó wà nílé nìkan ni omi lè gbé lọ. Èyí tó ti pín fún bíríkìlà àti tíṣà àti agẹrun, omi kò mọ ilé wọn.

Kò jókòó ti ìbànújẹ́ náà. Ní 2011 ló tẹ City Without People jáde lórí ọ̀rọ̀ ìjì yẹn. Lọ́dún náà gan-an ni Random Blues jáde, inú Sunday Tribune ni ewì inú ti wá pẹ̀lú. Ẹ ò rí i pé ó padà sí ojú ewé àtijọ́? Ó gba ẹ̀bùn Tchicaya U Tam'si fún ewì Áfíríkà ní 2008, ìjọba àpapọ̀ sì fi oyè National Order of Merit dá a lọ́lá ní 2014. Ní 2021 ó kọ Green, lórí ilẹ̀ àti igbó tí à ń bà jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń wí, kó wo igbó tó wà láàrin Ìsẹ̀ àti Èmùrè nígbà tí a wà lọ́mọdé, kó tún wo ohun tó ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò kọ ìtàn yìí kí a lè máa yangàn pé ọmọ ilé wa ni. Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ alárù sí ara ilẹ̀kùn ọba. Ọ̀ṣúndáre gbé àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ sí ojú ewé ìwé ìròyìn. Àwa ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí a ti ń tẹ ìwé ìrántí ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwòrán àwọn ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, ti àwọn alága ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Níbo ni ti ìyá tó ń se ẹ̀wà fún wa nílé ìdáná wà? Níbo ni ti bàbá tó ń lu agogo, tí a máa ń sá fún láàárọ̀ kùtù? Níbo ni ti àwọn lébìrà tó gbé búlọ́ọ̀kù kíláàsì wa sórí? Wọ́n rù wá dé ibi tí a dé. Kò sí orúkọ wọn nínú ìwé kankan.

Àbá mi rèé. Kí oníkálukú wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan nínú wọn, àti ohun tó rántí nípa rẹ̀, ì báà jẹ́ ìlà márùn-ún. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ wọn tó kù nílé lè kà á láìsí ògbufọ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Èmi á mú ìwé àkọsílẹ̀ mi wá, a ó sì tú ewì kan tàbí méjì sí èdè Èkìtì níbẹ̀. Bàbá mi kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn ṣì wà nílẹ̀, mo sì jẹ wọ́n ní èsì.